Ọmọ wa ń bọ̀: ṣé ká rì í bọmi ni àbí ká ṣe dẹ́díkéṣọ̀n? Ìjọ èmi àti ọkọ mi ò papọ̀

Asake_ijomeji

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí gbogbo ilé o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ yìí ti ju agbára mi lọ. Inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí. Kátólíìkì ni ọkọ mi, Kátólíìkì tòótọ́ o, kì í ṣe irú èyí tó ń lọ ní Kérésì àti Àjíǹde nìkan. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn la ti ṣègbéyàwó, bíṣọ́ọ̀bù wọn yọ̀ǹda, pásítọ̀ mi náà wá síbẹ̀ ó gbàdúrà fún wa, gbogbo ẹ̀ lọ wẹ́rẹ́, mo wá rò pé ó ti parí. Àṣé ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni.

Mo ti lóyún báyìí. Ìyá ọkọ mi ní bí mo bá ti bímọ, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan má tíì kọjá kí wọ́n ti gbé ọmọ lọ fún ìrìbọmi, pé àwọn kì í fi falẹ̀. Ìyá tèmi ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ìrìbọmi ṣe fún ọmọ jòjòló, ṣé ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ ni àbí ó mọ ìgbàgbọ́, ó ní ká gbé e wá síwájú ìjọ kí pásítọ̀ ṣe dẹ́díkéṣọ̀n fún un, tó bá dàgbà tó sì gba Jésù fúnra ẹ̀ kó wá wọ omi. Àwọn méjèèjì ń ka Bíbélì sí mi létí lórí fóònù. Ọkọ mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò mí lójú bíi pé èmi ni adájọ́.

Mi ò ní kí ẹ bá mi mú ọ̀kan o. Ohun tí mo fẹ́ kó yé mi ni pé, nígbà tí ìjọ bá dúró ti èèyàn níbi ìbí, nígbà tó ń bàlágà, níbi ìgbéyàwó, lórí ibùsùn àìsàn, títí dé ẹnu ibojì, kí ni wọ́n gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ gan-an? Ṣé Ọlọ́run ló ń ṣe nǹkan kan ni àbí àwa là ń ṣe é? Àti pé tí a bá ṣe ti apá kan, ṣé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ti apá kejì? Ẹ jọ̀ọ́, ìjà ò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

BabaKatikisi

Ọmọ mi, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀, wàá gbọ́ ohùn ìyá wàá gbọ́ ohùn ọmọ. Áńgílíkà ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kátíkíìsì, torí náà àárín ìyá rẹ àti ìyá ọkọ rẹ gan-an ni mo jókòó sí.

Ìbéèrè tó o bi yẹn, pé ta ló ń ṣe é, òun ni gbòǹgbò. Ìjọ tó bá gbà pé Ọlọ́run ló ń fún èèyàn ní nǹkan nínú omi yẹn, kí ni wọ́n á tún máa dúró dè? Ọmọ ọwọ́ lè gba ẹ̀bùn. Ìjọ tó bá sì gbà pé ìjẹ́wọ́ ẹni tó ti gbàgbọ́ ni ìrìbọmi, wọn ò lè ṣe é fún ẹni tí ò tíì lè sọ̀rọ̀, ta ló máa jẹ́wọ́? Ìdí nìyẹn tí Kátólíìkì, Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, Lútérà, Mẹ́tọ́díìsì, Presbyterian àti àwa náà fi ń ṣe é fún ọmọdé, tí Onítẹ̀bọmi, àwọn Mennonite àti ọ̀pọ̀ ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì sì ń dúró de àgbà. Kò sí òpònú nínú àwọn méjèèjì.

Ìjà yẹn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian, òǹkọ̀wé Kristẹni ayé àtijọ́, ti ń kọ̀wé pé kí wọ́n má kánjú rì àwọn ọmọdé bọmi, ìyẹn fi hàn pé àwọn kan ti ń ṣe é. Ẹ wo Augustine, gbajúmọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́. Monica ìyá ẹ̀, onígbàgbọ́ gidi ni, síbẹ̀ wọn ò rì í bọmi ní kékeré. Ó ṣàìsàn nígbà kan wọ́n ti fẹ́ẹ́ sáré ṣe é, bí ara ẹ̀ ṣe mókun báyìí wọ́n tún sún un síwájú, òru Àjíǹde ọdún 387 ló tó wọ omi ní Milan, Ambrose, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀, ló sì ṣe é fún un. Ẹni yìí kan náà ló wá padà di agbẹjọ́rò ìrìbọmi ọmọdé. Martin Luther, tí ìjọ Lútérà ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, ńkọ́? 10 November 1483 ni wọ́n bí i, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ wọ́n ti gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ Martin Mímọ́ ló bọ́ sí, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ. Gbogbo ohun tó wá bá Róòmù fà lẹ́yìn náà, kò bá wọn fa ìyẹn.

Nínú ìwé àdúrà wa ti 1662, onígbọ̀wọ́ mẹ́ta ni ọmọ kan ń ní, tó bá jẹ́ ọkùnrin, ọkùnrin méjì obìnrin kan, tó bá jẹ́ obìnrin, ó di obìnrin méjì ọkùnrin kan. Àwọn ló ń dáhùn lórúkọ ẹ̀ pé ó kọ èṣù àti gbogbo iṣẹ́ ẹ̀. Ọmọ ò mọ nǹkan kan, ó lè máa sùn. Kọnfáméṣọ̀n ló wá parí ẹ̀: nígbà tó bá gbọ́n, á dúró níwájú bíṣọ́ọ̀bù, á ní ohun tí wọ́n bá mi sọ nígbà yẹn, èmi fúnra mi sọ ọ́ lónìí, bíṣọ́ọ̀bù á gbé ọwọ́ lé e lórí, á gbàdúrà. Ìyẹn ni mo fi ń sọ pé ohun tí ìyá rẹ ń bèèrè fún wà lọ́dọ̀ tiwa, a kàn pín in sí méjì ni.

OmoOnitebomi

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé wa kó má lọ dà bíi pé à ń fi nǹkan du ọmọ.

Hánà gbé Sámúẹ́lì lọ sílé Olúwa, Jósẹ́fù àti Màríà gbé Jésù lọ sí tẹ́ńpìlì, Lúùkù 2, ẹ lọ kà á. Ibẹ̀ la ti mú dẹ́díkéṣọ̀n. Tí ẹ bá fetí sí ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ yẹn dáadáa, òbí ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́, ìjọ náà á dìde wọ́n á jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn á bá wọn tọ́ ọ nínú Olúwa. Ọmọ ò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan, ẹnì kankan ò sì bá a jẹ́ ẹ. Wọ́n fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún un ni. Ọjọ́ tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń wọ inú omi, torí Róòmù 6 ní a sin wá pẹ̀lú Kristi nípa ìrìbọmi, mi ò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sin èèyàn nípa wíwọ́n erùpẹ̀ sí i níwájú orí 😂

Ẹ má sì rò pé agídí lásán ni. Ní January 1525, ìgbìmọ̀ ìlú Zurich ní Switzerland pàṣẹ pé ọmọ tí wọn ò bá tíì rì bọmi, láàárín ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n ṣe é tàbí kí òbí ẹ̀ fi ìlú sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, àwọn kan pàdé nínú ilé, Conrad Grebel sì rì George Blaurock bọmi, àgbàlagbà tí wọ́n ti ṣe é fún ní kékeré. Nígbà tó di January 1527 wọ́n mú Felix Manz, ọ̀kan nínú wọn, wọ́n dè é tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n jù ú sódò Limmat. Omi náà ni wọ́n fi pa á. Nígbà tó yá ni àwọn tí à ń pè ní Onítẹ̀bọmi gan-an jáde, John Smyth ní Amsterdam ní 1609, kò rí ẹni tó lè ṣe é fún un tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀, ló bá rì ara ẹ̀ bọmi! Aṣakẹ, tí màmá bá ń jà lórí fóònù, ẹ fara balẹ̀ fún wọn, àwọn èèyàn ti kú lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ti ilẹ̀kùn tó o béèrè: tí wọ́n bá rì ọmọ yẹn bọmi ní kékeré, tó wá dàgbà tó fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, ọ̀pọ̀ ìjọ wa máa ní kó wọ omi. Lójú tiwa ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Lójú ọkọ rẹ, ìgbà kejì ni, kò sì bófin mu.

AkoweParish

Akọ̀wé ni mí ní páríìṣì kan, èmi ni mò ń kọ rẹ́jísítà, mi ò kì í ṣe fádà o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kọjá lórí tábìlì mi lójoojúmọ́.

Sista Aṣakẹ, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ yín tó dákẹ́. Ó ti ṣèlérí. Kí bíṣọ́ọ̀bù tó yọ̀ǹda kí Kátólíìkì fẹ́ onígbàgbọ́ ìjọ mìíràn, Kátólíìkì yẹn ní láti ṣèlérí pé òun á sa gbogbo ipá òun kí wọ́n lè rì àwọn ọmọ bọmi kí wọ́n sì tọ́ wọn nínú ìjọ Kátólíìkì. Ẹ̀yin ò ṣèlérí nǹkan kan, ohun tí òfin sọ ni pé kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òun ṣe é. Nígbà kan wọ́n máa ń gba ìlérí lọ́wọ́ ẹnì kejì náà, Póòpù Paul VI ló mú ìyẹn kúrò ní 1970. Tí wọn ò bá ṣàlàyé ẹ̀ fún yín dáadáa nígbà yẹn, ẹ bi í. Mo fura pé ohun tó ń jẹ ọkọ yín lọ́kàn nìyẹn, ó mọ ohun tó sọ, kò sì fẹ́ fi tipátipá mú yín, bẹ́ẹ̀ sa ipá kì í ṣe kó máa bá ìyàwó ẹ̀ jà.

Ti ilẹ̀kùn: dẹ́díkéṣọ̀n ò ti ilẹ̀kùn kankan. Ọmọ tí pásítọ̀ gbàdúrà fún lè ṣe ìrìbọmi lọ́la ní ibikíbi. Ìrìbọmi ni kì í tún ara ẹ̀ ṣe. Tí wọ́n bá ti fi omi ṣe é lórúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, tí wọ́n sì ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe, ó ti wọlé nìyẹn. Ẹ̀yin gan-an tí wọ́n rì bọmi ní Onítẹ̀bọmi, tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ di Kátólíìkì lọ́la (mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe é o), ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi yín la máa gbà, a ò ní da omi kankan lé yín lórí.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa rẹ́jísítà yẹn, torí ó kan ìbéèrè yín. Wọ́n rò pé ọjọ́ ìrìbọmi nìkan ló wà níbẹ̀. Rárá. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọmọ, àyè yẹn ò ní kún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tó bá gba kọnfáméṣọ̀n, a padà lọ kọ ọ́ síbẹ̀. Tó bá gbéyàwó, ibẹ̀ ni. Tó bá joyè àlùfáà, tó bá di sístà tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ayérayé, tí ilé ẹjọ́ ìjọ bá sọ pé ìgbéyàwó kan kò tilẹ̀ múlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹ̀, ibì kan náà. Ó lè lọ gbéyàwó ní ìlẹ̀ tó jìnnà réré, páríìṣì ibẹ̀ ní láti kọ̀wé sí páríìṣì tó ti rì í bọmi kí wọ́n lọ fi sí i. Ìdí tí a fi ń sọ fún àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó pé kí wọ́n lọ gba sátífíkéètì ìrìbọmi tuntun nìyẹn, èyí tí wọn ò tíì kọ ju oṣù mẹ́fà lọ, torí èyí tí màmá wọn tọ́jú sínú àpótí látọjọ́ yẹn ò lè sọ fún wa bóyá ẹnì kan ti gbéyàwó lẹ́yìn náà. Inú ń bí wọn sí mi, wọ́n ní mo fẹ́ràn wàhálà. Ọdún 1563 ni ìpàdé Trent, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, ti ní kí páríìṣì máa kọ rẹ́jísítà ìgbéyàwó àti ti ìrìbọmi. Ní England, Thomas Cromwell, mínísítà ọba, ti pàṣẹ irú ẹ̀ ní 1538, ti ìjọba gan-an ò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ títí di 1837.

ayaPasito_

Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ àyè ẹ̀gbẹ́ orúkọ yẹn dùn mọ́ mi o. Ìjọ tiwa náà ní ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti kó lọ, ó di kí wọ́n kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda fún un, ìyẹn náà ló parí.

NoosiBisi

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ti ilé ìwòsàn bọ̀ ọ́, torí mo mọ ohun tó ń dẹ́rù ba ìyá ọkọ yẹn. Ó ń rò ó pé bí nǹkan bá ṣe ọmọ kí wọ́n tó rì í bọmi ńkọ́. Ẹ sọ fún wọn pé lójú Kátólíìkì, tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹnikẹ́ni lè ṣe é, kò dìgbà tí fádà bá dé. Nọ́ọ̀sì lè ṣe é, bàbá ọmọ lè ṣe é, ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́ pàápàá lè ṣe é tó bá sáà ti ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Omi lásán, ẹ dà á sí i lórí, ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń dà á: Mo rì ọ́ bọmi ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́. Ó parí. Tí òbí bá ti ní ká ṣe é, mo ti ṣe é rí fún ọmọ tí ò tó oṣù, tí a fi sínú ẹ̀rọ, omi tí mo lò ò kún ṣíbí. Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sọ fún páríìṣì kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Èkejì, òróró. Tí fádà bá ti yọ igò òróró báyìí, ẹbí á bú sẹ́kún, wọ́n ti gbà pé ó parí. Ẹ̀yin ará, ẹ ka Jákọ́bù 5:14, ẹni tó ń ṣàìsàn ni ó ní kó pe àwọn àgbà ìjọ, kò sọ ẹni tó ń kú. Ìpàdé Vatican Kejì ti sọ ọ́ ní 1963 pé ìfòróróyan àwọn aláìsàn ló dáa kí wọ́n máa pè é, dípò òróró ìkẹyìn. Èèyàn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá lè gbà á, arúgbó tí ara ẹ̀ ti ń rọ lè gbà á, ó sì lè tún un gbà tí àìsàn bá padà dé. Ohun tó jẹ́ ti ẹni tó ń lọ gan-an ni kọmúníọ̀n ìkẹyìn, oúnjẹ ọ̀nà. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa bá fádà sọ kó má pẹ́ jù, torí tí ẹni náà ò bá lè gbé nǹkan mì mọ́, ó ti pẹ́ jù nìyẹn.

Asake_ijomeji

Nọ́ọ̀sì Bísí ẹ ṣé, omijé bọ́ lójú mi níbi ti ẹ̀rọ yẹn. Ohun tí màmá ọkọ mi sọ gan-an nìyẹn, wọ́n ní tí ọmọ bá kú láìṣe ìrìbọmi kò lè wọlé, pé ibì kan wà tí wọ́n ń kó wọn sí. Akọ̀wé, ṣé ohun tí ìjọ yín ń kọ́ nìyẹn lóòótọ́?

AkoweParish

Limbo nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn ló ń sọ ọ́ láyé àtijọ́, wọ́n sì kọ́ ọ lọ́pọ̀ ibi, ẹ má bá màmá wí, àwọn tó dàgbà bá a niye. Ṣùgbọ́n Ìjọ ò sọ ọ́ di ohun tó pọn dandan kí èèyàn gbà gbọ́ rí. Kátíkíìsì ti 1992, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wa, sọ pé àánú Ọlọ́run ni Ìjọ ń fi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Ní 2007 ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn tó wà ní Vatican gbé ìwé jáde, wọ́n ní ìdí gúnmọ́ wà láti ní ìrètí pé wọ́n wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Bí ọmọ bá sì kú kí wọ́n tó rì í bọmi, tó jẹ́ pé òbí ẹ̀ ti ní in lọ́kàn, bíṣọ́ọ̀bù lè yọ̀ǹda kí wọ́n fi ìsìn Ìjọ sin ín.

Deji_K

Ẹ gbà mí láàyè. Ìdílé Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi ti wá, tí ẹ bá rò pé Kátólíìkì ń kánjú, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Wọ́n rì ọmọ wa sínú omi lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gbé e jáde ó ń ké, fádà wọn fi òróró mímọ́ kùn ún níwájú orí, lójú, nímú, lẹ́nu, létí, láyà, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kọnfáméṣọ̀n ẹ̀ nìyẹn, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wọ́n ti fi ṣíbí fún un ní kọmúníọ̀n! Ọmọ tí ò tíì ní eyín. Mo ní kí ló dé. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún mi ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbi gbogbo, bíṣọ́ọ̀bù ló sì ń ṣe é. Nígbà tí ìjọ wá pọ̀ tí bíṣọ́ọ̀bù ò lè dé ibi gbogbo, ìjọ ìwọ̀ oòrùn (ti Róòmù) ní kí òróró náà dúró dè é, ìjọ ìlà oòrùn (Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì) ní kí àlùfáà máa ṣe é lọ, kó ṣáà lo òróró tí bíṣọ́ọ̀bù ti yà sí mímọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pínyà. Ní ti Kátólíìkì, Póòpù Pius X ló sọ ọ́ ní 1910 pé kí ọmọ tó bá ti tó nǹkan bí ọdún 7 máa gba kọmúníọ̀n, àwọn tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń dúró dè tẹ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ibi.

Ìgbéyàwó wọn náà, adé ni wọ́n fi ń dé tọkọtaya, wọ́n á jọ mu nínú ife kan, wọ́n á rìn yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ìsìn ti àwọn Gíríìkì tí wọ́n ṣe fún wa, kò sí ibi tí mo ti sọ pé mo gbà ọ́ ní ìyàwó mi. Mo ń dúró de ìgbà tí wọ́n máa bi mí, wọn ò bi mí!

BabaKatikisi

Dèjì, ohun tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn ló yí ọ̀rọ̀ wa lórí. Ẹ wò ó. Níbi ìrìbọmi, Kátólíìkì ní Ọlọ́run ló ń ṣe é, Onítẹ̀bọmi ní kí èèyàn jẹ́wọ́. Ẹ wá dé ibi ìgbéyàwó, Kátólíìkì kan náà ní tọkọtaya ló ń fún ara wọn ní sákírámẹ́ǹtì náà (àmì mímọ́ tí Ọlọ́run ń gbà fúnni ní oore ọ̀fẹ́), ẹnu àwọn méjèèjì ló ń so ó, fádà kàn ń ṣe ẹlẹ́rìí fún Ìjọ ni. Ṣáájú 1563, tí ọkùnrin àti obìnrin bá lọ sọ ọ́ fún ara wọn ní kọ̀rọ̀, ìgbéyàwó ni, wàhálà tí ìyẹn fà ló jẹ́ kí Trent ní kí àlùfáà páríìṣì àti ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán wà níbẹ̀. Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní àlùfáà ló ń súre ẹ̀. Àwa tí a jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì ní sákírámẹ́ǹtì kọ́ rárá, májẹ̀mú níwájú Ọlọ́run ni. Torí náà Aṣakẹ, má gba ẹnikẹ́ni láyè kó sọ fún ọ pé ìjọ kan jẹ́ ti Ọlọ́run ń ṣe é, ìkejì jẹ́ ti èèyàn ń ṣe é, kò tọ́ lọ gbọọrọ bẹ́ẹ̀.

Lanre_oniyemeji

Kí n kàn fi èyí síbẹ̀: àwọn Kwékà ò lo omi, wọn ò lo búrẹ́dì àti wáìnì, níbi ìgbéyàwó wọn tọkọtaya á dìde nínú ìdákẹ́jẹ́ wọ́n á sọ ọ́ fún ara wọn, gbogbo ẹni tó wá á sì tọwọ́ bọ ìwé ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ìgbàlà náà kì í rì èèyàn bọmi. Wọ́n ń bímọ, wọ́n ń gbéyàwó, wọ́n ń kú, wọ́n sì ń pe ara wọn ní Kristẹni. Ṣé ẹ rí i pé ilé ayé ò ní torí omi bàjẹ́?

OmoOnitebomi

Lanre, ìwọ àti wàhálà 😂 Jésù sọ ọ́ ní Mátíù 28, ká máa rì wọ́n bọmi. Mi ò ní bá ọ fà á.

AkoweParish

Sista Aṣakẹ béèrè títí dé ibojì, ẹnì kan ò tíì débẹ̀. Níbi ìrìbọmi a máa ń tan àbẹ́là fún ọmọ, iná rẹ̀ wá láti ara àbẹ́là Àjíǹde ńlá tí wọ́n tàn ní òru Àjíǹde. A tún máa ń wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àbẹ́là ńlá yẹn kan náà ló ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, aṣọ funfun ni wọ́n fi ń bo pósí lọ́pọ̀ ibi, omi mímọ́ ni fádà ń wọ́n sí i, gbogbo ẹ̀ ń rán wa létí ìrìbọmi. Àwọn èèyàn ń rò pé torí kó lè lẹ́wà ni, ẹbí á ní kí wọ́n fi aṣọ tí àwọn yàn bò ó, mo máa ń ṣàlàyé títí. Òmíràn: ìlànà ìsìnkú wa sọ pé ìwàásù ibẹ̀ ò gbọdọ̀ di ìyìn òkú, àwọn tó fẹ́ sọ ìtàn bàbá lè sọ ọ́ níbi àìsùn tàbí ní ráńpẹ́ lẹ́yìn kọmúníọ̀n. Òfin yẹn, kò sí ẹni tó ń pa á mọ́ bó ṣe yẹ!

Dídáná sun òkú, 1963 ni wọ́n ti gbà á láàyè, ṣùgbọ́n ní 2016 Vatican ní kí wọ́n tọ́jú eérú sí ibi mímọ́, kí wọ́n má fọ́n ọn ká, kí wọ́n má sì gbé e sílé. Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní tiwọn kì í sábà gbà á.

Asake_ijomeji

Mo ka gbogbo ẹ̀ sí ọkọ mi létí lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi ìlérí, ó ní "ó ti tó, mo mọ̀," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ mọ́. A ò tíì fẹnu kò tán, ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ ni pé tí a bá rì í bọmi lọ́dọ̀ wọn, ṣé wọn ò ní fi mí jókòó bí àlejò? Mi ò lè dúró kí n máa jẹ́wọ́ ohun tí mi ò gbà. Àti pé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, díákónì ni ní ìjọ wa, ṣé ó lè ṣe onígbọ̀wọ́? Pásítọ̀ mi ńkọ́?

AkoweParish

Ẹ ò ní jókòó bí àlejò. Ìlànà ìrìbọmi ọmọdé fúnra ẹ̀ ti rò ó ṣáájú, ó ní tí ọ̀kan nínú òbí kì í bá ṣe Kátólíìkì tí kò sì lè sọ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ yẹn, kó dákẹ́ níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni pé kó gbà kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ìgbàgbọ́ tí wọ́n rì í bọmi sí. Bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ dá mi lójú pé ẹ máa rí nǹkan púpọ̀ tí ẹ ò lè sọ níbẹ̀, ìjẹ́wọ́ àwọn Àpọ́sítélì ni, ẹ kà á nílé ṣáájú.

Ẹ̀gbọ́n yín ò lè ṣe onígbọ̀wọ́ torí onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ Kátólíìkì tó ti gba kọnfáméṣọ̀n, tó ti tó ọdún 16, tí kì í sì í ṣe bàbá tàbí ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n Kristẹni tí wọ́n ti rì bọmi ní ìjọ mìíràn lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbọ̀wọ́ kan tó jẹ́ Kátólíìkì, orúkọ ẹ̀ á sì wọ rẹ́jísítà. Pásítọ̀ yín lè wá, ẹ bá fádà sọ ọ́ ṣáájú bóyá wọ́n á fún un láàyè láti ka Bíbélì tàbí gbàdúrà, kì í ṣe lọ́jọ́ náà gan-an kẹ́ ẹ tó sọ. Ẹ̀kọ́ wà tí àwọn òbí ń ṣe kí ìrìbọmi tó wáyé, ọ̀pọ̀ páríìṣì ń gbà kí wọ́n ṣe é nígbà tí oyún ṣì wà nínú, ẹ lọ ṣe é báyìí tí ẹ ṣì ń rí oorun sùn.

OmoOnitebomi

Tí wọ́n bá ti parí lọ́hùn-ún, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ wa náà kí pásítọ̀ gbàdúrà fún un níwájú ìjọ, akọ̀wé ti ní ìyẹn ò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ìyá yín àti ìyá ọkọ yín wà níbi méjèèjì.

NoosiBisi

Kí wọ́n má jókòó sórí ìjókòó kan náà ṣá 😂